Kí la fẹ́ sọ fún ẹni tó ti mọ̀ pé sìgá ń pa ni?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń yọ̀ǹda ara mi fún ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe fún èrè, tó ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ lórí tábà. Èmi ni mo ń kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín, èmi náà ni mo sì máa ń sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá ti pè wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè wá sí ibi iṣẹ́ kan. Mo gbé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tó ti dúdú bí èédú jáde, gbogbo wọn lanu: "Yéè!" Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ti ṣe. Nígbà tí a sinmi díẹ̀, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn méje tó jókòó síwájú gan-an ni mo bá níbẹ̀ tí èéfín ń jáde nímú wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Àwòrán yẹn ló já mi láyà, ni mo bá ní kí n fi ọ̀kan tu ara mi nínú."

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáwọ́, ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ̀yin tí ẹni yín ń mu ún: kí ni ìwé wa kò sọ tó yẹ kó sọ? Ẹ má wojú mi o, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Baba_Ajáwọ́

Ọmọ mi, o kú làálàá. Ọdún 27 ni mo fi mu sìgá, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fi í sílẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni mo jáwọ́, ìkẹfà ló dúró.

Kò sí amusìgá tí kò mọ̀ pé sìgá ń pa ni. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. À ń kà á, à ń ṣáná sí i. Ẹ̀rù tí ẹ ń dá bà wá yẹn, sìgá náà la fi ń lé e lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí ni bí ọjọ́ kẹta ṣe máa ń rí. Lẹ́ẹ̀kẹrin tí mo gbìyànjú, mo la ọjọ́ kìíní já, mo la ìkejì já. Nígbà tó di ìkẹta, ògiri pàápàá ń bí mi nínú. Orí ń fọ́ mi, oorun ò wá, mo jágbe mọ́ ọmọ tó kí mi káàárọ̀. Mo wá rò pé bí ayé mi yóò ṣe máa rí títí n ó fi kú nìyẹn, ni mo bá jáde lọ ra páálí kan. Ká ní ẹnìkan ti sọ fún mi pé ibi tó le jù nìyẹn, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ara á ti máa balẹ̀, ǹ bá jókòó dè é.

Èkejì: nígbà tí ara bá ń béèrè sìgá, kì í béèrè títí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti lọ. Mo máa ń wo aago. Mo máa ń mu omi díẹ̀díẹ̀, mo máa ń rìn yí ilé po, mo tiẹ̀ máa ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Kí n tó mọ̀, ó ti kọjá. Ó máa padà wá ṣá o, àmọ́ mo ti mọ̀ ọ́n ní àlejò tí kì í pẹ́.

Tó bá jẹ́ ojú ewé kan péré lẹ ní, èyí ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀dọ̀fóró dúdú yẹn lọ sẹ́yìn ìwé.

Ọ̀rẹ́_Gbogbo_Ayé

"Mo máa ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí." Baba, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ara yín bá tún béèrè, ẹ yà sílé wa. Èyí tó dọ̀tí wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Baba ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi ìdí rẹ̀ kún un, torí ẹni tó bá mọ ohun tó ń bá a jà kì í tètè sá.

Nikotíìnì inú èéfín, èròjà tó ń jẹ́ kí ara máa béèrè sìgá, kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 lọ kó tó dé ọpọlọ. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sìgá àárọ̀ fi máa ń ṣòroó fi sílẹ̀ ju ìyókù lọ: ara ti gbààwẹ̀ mọ́jú. Tí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ bá jókòó níwájú mi, mi ò kọ́kọ́ bi í pé mélòó ló ń mu lójúmọ́. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, "Tẹ́ ẹ bá jí, ìgbà wo lẹ máa ń mu àkọ́kọ́?" Ẹni tó bá ti mu ún kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, okùn tirẹ̀ yi.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìpinnu nìkan kì í sábà tó. Àlẹ̀mọ́ra nikotíìnì wà, ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ń lá lẹ́nu náà wà. Ẹni tó ń mu ju 10 lọ lójúmọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ra mílígíráàmù 21 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 14 fún ọ̀sẹ̀ méjì, á wá fi 7 parí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àlẹ̀mọ́ra ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù wà fún ìgbà tí ara bá béèrè lójijì. Àwọn tó ń lo méjèèjì pọ̀ máa ń rí i ṣe ju àwọn tó lo ẹyọ kan lọ. Síbẹ̀ ẹyọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ń rà, wọ́n á sì máa ṣún un lò bí ẹni pé wúrà ni.

Ṣingọ́ọ̀mù yìí sì ni wọ́n ń ṣì lò jù. Ẹ má rún un láìdúró bí èyí tí ọmọdé ń jẹ. Ẹ rún un díẹ̀ títí yóò fi máa ta yín lẹ́nu, kí ẹ wá fi há àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Tí títa yẹn bá lọ, ẹ tún rún un. Ara ẹran ẹnu ló ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e mì pẹ̀lú itọ́, kò ní rí nǹkan kan gbà ju kí inú máa rú u, kí òsúkè sì mú un. Ẹ má mu kọfí tàbí ohun mímu tó kan ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé àlàyé inú páálí. Ta ló ń kà á?

Akọ̀wé, ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sínú ìwé yín, pẹ̀lú àwòrán. Mo ti rí ẹni tó ní "oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́ fún mi," tó jẹ́ pé ńṣe ló gé àlẹ̀mọ́ra sí mẹ́rin.

Mo_Fẹ́_Mọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé kì í ṣe nikotíìnì yẹn náà ló ń fa jẹjẹrẹ ni? Báwo lèèyàn ṣe ń fi májèlé wo májèlé?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá, ojoojúmọ́ ni mò ń dáhùn ìbéèrè yìí. Nikotíìnì ló ń so ni mọ́lẹ̀, èéfín ló ń pa ni. Kẹ́míkà tó lé ní 7,000 ló wà nínú èéfín tábà, nǹkan bí 70 nínú wọn la sì mọ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Afẹ́fẹ́ olóró kan tún wà níbẹ̀, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, tó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Àlẹ̀mọ́ra kò ní èéfín. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ṣingọ́ọ̀mù àti àlẹ̀mọ́ra nikotíìnì sára àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ní 2021, wọ́n fi oògùn oníhóró méjì kún un, varenicline àti bupropion, àmọ́ ìwọ̀nyẹn, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún yín.

Kì í ṣe ohun ìṣeré náà ṣá o. Ẹ pa á mọ́ fún ọmọdé. Aláboyún, àti ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín.

Olùtọ́jú_Ojúewé

Mo ti pa ọ̀rọ̀ ẹnìkan rẹ́ tó ń polówó "oògùn ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó lò ó." Ibi tí a ti ń dá ọgbọ́n jọ nìyí, kì í ṣe ọjà. Tó bá tún padà wá, màá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyàwó_Èéfín

Orúkọ tí mo yàn níbí ti sọ ìtàn mi. Ọkọ mi ló ń mu ún, èmi ni mò ń gbóòórùn.

Mo ti ṣe gbogbo àṣìṣe tó wà láyé. Mo fi páálí rẹ̀ pa mọ́. Mo máa ń ka iye tó kù. Mo bá a jà lójú àwọn ọmọ. Gbogbo ohun tí mo rí jèrè ni pé ó kọ́ irọ́ pípa: á lọ "wo ọkọ̀" lẹ́ẹ̀mẹ́fà lálẹ́ kan. Èyí tó so èso ò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, mo ní kó má mu ún nínú ilé àti nínú ọkọ̀ mọ́, mi ò ní kó jáwọ́. Mo sọ fún un pé ṣíṣí fèrèsé kò ní kí èéfín má dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, èyí tí mo kà pé kò sí ìwọ̀n tí kò léwu nínú rẹ̀. Ó gbà, torí mi ò fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀. Ìkejì, mo bi í ní ọjọ́ kan tí inú wa dùn pé, "Tẹ́ ẹ bá máa fi í sílẹ̀, ọjọ́ wo ni?" Ó dákẹ́ pẹ́, ó sì dá ọjọ́.

Kò tíì jáwọ́ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti bọ́ sórí mẹ́ta lójúmọ́ láti ogún. Ó ní iyẹn ò lè pa òun lára mọ́.

Dókítà_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà, ẹ bá wa kí ọkọ yín. Láti ogún sí mẹ́ta, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ ṣá pé ọkàn kì í bá wa pín in bí ìṣirò. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2018 kó ẹ̀rí jọ láti ibi púpọ̀: ẹni tó ń mu ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́, nǹkan bí ìdajì àfikún ewu àrùn ọkàn tó wà lórí ẹni tó ń mu 20 ló wà lórí tirẹ̀. Ẹ má fi dẹ́rù bà á o. Ẹ kàn sọ fún un pé fífi mẹ́ta tó kù yẹn sílẹ̀ ló lérè tó pọ̀ jù.

Akọ̀wé, ohun tí mo rò pé ó sọnù nínú àwọn ìwé yìí ni èrè. Wọ́n á sọ ohun tí sìgá bà jẹ́, wọn kì í sọ bí ara ṣe ń tún un ṣe. Ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn sìgá ìgbẹ̀yìn, ìlùkìkì ọkàn ti ń rọlẹ̀. Láàárín wákàtí 12, afẹ́fẹ́ olóró tí Nọ́ọ̀sì dárúkọ ti padà sí bó ṣe yẹ. Lọ́dún kan, àfikún ewu àrùn ọkàn ti di ìdajì.

Fún àwọn tó máa ń sọ pé "mo ti dàgbà jù," ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní 1951, àwọn olùwádìí méjì, Richard Doll àti Bradford Hill, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ẹgbẹẹgbẹ̀rún dókítà ní Bìrìtéènì, àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tí kì í mu. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ṣe é, àbájáde jáde ní 2004. Àwọn tí kò fi sìgá sílẹ̀ pàdánù nǹkan bí ọdún 10 láyé wọn. Ẹni tó fi í sílẹ̀ ní 60 gba nǹkan bí ọdún 3 padà. Ní 50, ọdún 6. Ní 40, ọdún 9. Ní 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Doll fúnra rẹ̀ ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀. Ohun tó rí nínú ìwádìí tó ṣáájú èyí ló mú kó fi í sílẹ̀. Ó sì kọjá àádọ́rùn-ún ọdún láyé.

Aláìróorun

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi nìyí. Sìgá kò dà mí láàmú mọ́ tó bẹ́ẹ̀, oorun ni mi ò rí. Ọkàn mi ń lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ṣé ó yẹ kó ṣì máa ṣe mí báyìí?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Kọfí mélòó lẹ ń mu lójúmọ́?

Aláìróorun

Mẹ́rin, márùn-ún. Bí mo ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀ náà ni.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìyẹn. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè jó kaféìnì dànù. Bí sìgá ṣe lọ, ẹ̀dọ̀ rọ́wọ́ wálẹ̀, kọfí kan náà wá ń pẹ́ lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gé e sí ìdajì, ẹ má mu ún lẹ́yìn ọ̀sán. Tí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ rí dókítà.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oògùn kan, pàápàá clozapine àti olanzapine tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ. Ẹni tó ń lò wọ́n tó bá fẹ́ jáwọ́, kó sọ fún dókítà rẹ̀ ṣáájú, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ní láti dín oògùn náà kù.

Aláìróorun

Mo ti lé lógójì ọdún, èmi ò gbọ́ èyí rí láyé mi. Mo ti ń rò pé sìgá ló ń gbẹ̀san lára mi.

Wígì_Funfun

Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò bà yín nínú jẹ́ díẹ̀. Ìmọ̀ dára, mo wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ Akọ̀wé pátápátá. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé nìkan ò lè bá ilé iṣẹ́ olówó gọbọi jà. Àdéhùn àgbáyé lórí ìkápá tábà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2005, kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí ìlanilọ́yẹ̀. Owó orí wà níbẹ̀, fífi òfin de ìpolówó wà níbẹ̀, ibi iṣẹ́ tí kò ní èéfín wà níbẹ̀. Ireland ṣe tiwọn ní oṣù kẹta 2004, ilé ọtí pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní ìparí 2012, Ọsirélíà gba àwọ̀ àti àmì lára páálí, orúkọ àti ìkìlọ̀ ìlera nìkan ló kù, orúkọ náà ní lẹ́tà kan náà fún gbogbo wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí Akọ̀wé gbọ́ jù ni ti owó. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń dàgbà, ẹnìkan á wá fún yín lówó, ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ́ bí ti áńgẹ́lì. Ẹ wádìí ibi tí owó náà ti wá. Ní oṣù kìíní 1954, àwọn ilé iṣẹ́ sìgá Amẹ́ríkà san owó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn tó lé ní 400, wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa ṣèrànwọ́ láti wádìí òtítọ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Ọdún 1969, ẹnìkan kọ ọ́ sínú ìwé abẹ́lé ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ náà pé iyèméjì ni ọjà àwọn. Ní 2017, wọ́n tún dá àjọ kan sílẹ̀ tó ní òun fẹ́ "ayé tí kò ní èéfín," ilé iṣẹ́ sìgá ńlá kan ló ṣèlérí owó rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ gbangba pé àwọn ò ní bá wọn da nǹkan pọ̀. Abala 5.3 nínú àdéhùn yẹn ló ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tábà tọwọ́ bọ ètò ìlera, ẹ lọ kà á.

Baba_Ajáwọ́

Amòfin, gbogbo rẹ̀ ló yé mi àfi ti owó orí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fowó kún sìgá, mi ò dín in kù. Èmi ni mo dín oúnjẹ kù.

Wígì_Funfun

Baba, mo gbọ́ yín, mi ò sì ní já yín nírọ́. Ẹ̀yin ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, òun ni ọ̀wọ́n-gógó máa ń dá dúró jù. Ẹ̀yin gan-an, ọmọ ọdún mélòó lẹ bẹ̀rẹ̀?

Baba_Ajáwọ́

Mẹ́rìndínlógún. Ẹyọ ẹyọ là ń rà.

Ó dáa, o ti mú mi. Àmọ́ kí wọ́n fi owó orí yẹn ra àlẹ̀mọ́ra fún àwa àgbà. Ìyẹn ni èmi ń wí.

Wígì_Funfun

Abala 14 nìyẹn, Baba. Ìrànwọ́ fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́. Òun ni ọ̀pọ̀ ìjọba máa ń gbàgbé.

Mo_Fẹ́_Mọ̀

Ṣíṣà ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ní omi ń fọ̀ ọ́.

Dókítà_Kékeré

Omi kàn ń mú un tutù ni, kò fọ̀ ọ́. Èéfín tábà ni, èédú tún wà lórí rẹ̀ tó ń sọ tirẹ̀ sí i, wákàtí kan ni wọ́n sì fi ń fà á, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Tábà tí wọ́n ń jẹ tàbí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ètè, òun náà ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Ní ti fépù, ìyẹn sìgá oníbátìrì, àwa oníṣègùn fúnra wa ò tíì fi ẹnu kò. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò mu nǹkan kan tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tó ń mu fépù tó sì tún ń mu sìgá kò tíì jáwọ́.

Ajáwọ́_Tuntun

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná láìsọ nǹkan. Oṣù márùn-ún ni mo fi jáwọ́, mo mu ẹyọ kan níbi àríyá ní ọjọ́ Sátidé. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ máa mu ún lọ. Mo tún ti sanra.

Baba_Ajáwọ́

Ọmọ mi, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ ni, o ò tíì ṣubú. Èmi tí mo jáwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Oṣù márùn-ún yẹn ò lọ síbì kankan, ara rẹ ti gbà á. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ Sátidé, kí lo mú lọ́wọ́? Ọtí ni, àbí? Ọtí ló mú mi lẹ́ẹ̀karùn-ún. Oṣù díẹ̀ péré ni mo fi yẹra fún un, nígbà tí mo padà sí i, sìgá ò bá a wá mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ti ìsanra, kílò 4 sí 5 ni ọ̀pọ̀ máa ń fi kún un lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ má gbìyànjú àti fọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ ń jáwọ́. Ogun kan ni kí ẹ jà lẹ́ẹ̀kan.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ya ìwé náà, mo tún un kọ láti òkè. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló wà lójú ewé kìíní báyìí, pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún Baba àti abọ́ tí kò dọ̀tí (mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín). Ojú ewé kejì ni àlẹ̀mọ́ra àti ṣingọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kọfí, àti ti oògùn ọpọlọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣirò Doll wà nísàlẹ̀. Ìyàwó Èéfín, mo fẹ́ tọrọ ìbéèrè yín, "Ọjọ́ wo ni?", fún apá tí a kọ fún àwọn ará ilé. Nọ́ọ̀sì, mo ti fi ojú ewé kejì ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀dọ̀fóró dúdú ti lọ sẹ́yìn.

Ìyàwó_Èéfín

Ẹ máa lò ó, mo yọ̀ǹda. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà tí inú ẹ̀yin méjèèjì bá dùn ni kí ẹ tó béèrè.

Baba_Ajáwọ́

Báwo ni ìwé náà ṣe tóbi tó? Tó bá tóbi, inú dúróà la máa jù ú sí. Ẹ ṣe é níwọ̀n páálí sìgá, kó lè wọ àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ lọwọ́ wa máa ń lọ.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Mo ti wọ̀n ọ́n, Baba. Tí a bá ká a sí mẹ́ta, ó wọ̀ ọ́.